Alhaja Ti Geneva Dé

Ìpàdé tí àwọn ọmọ fẹ́ fi gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ Alhaja Ràbíátù, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá bá òun nílé òun ní North York lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àyìlà. Ó ní kí Gàníyù, àkọ́bí rẹ̀, pe Alfa Salahudeen wá, kí ọ̀rọ̀ náà lè ní àgbà nínú. Ó ní kí Kaosarah, àbúrò Gàníyù, má fi Hafeez ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Meadowvale. Bí Hafeez bá ní shift níbi iṣẹ́, kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Inú Gàníyù dùn. Ó pe Kaosarah lórí fóònù.

"Mummy ti gba kámú," ó ní. "Wọ́n ti rí i pé ọ̀nà ò sí mọ́."

Kaosarah kò gbà á gbọ́. Obìnrin tó ń dá wọ ọkọ̀ ojú irin subway nínú yìnyín lọ sí mọ́ṣáláṣí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í gba kámú bẹ́ẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Alhaja, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Geneva láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Gàníyù ti wá a dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí ìyá wọn tó pè wọ́n pé òun wà létí ọ̀sà kan, ara òun sì le. Láti ìgbà náà ni Gàníyù ti ń sọ pé iyè ìyá wọn ti ń rá, kò sì yẹ kí ó máa dá gbé mọ́. Ó ti tún basement, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Richmond Hill, ṣe dè é.

Nígbà tí àwọn àti Alfa dé lọ́jọ́ Sátidé náà, oúnjẹ tí Alhaja sè tó ilé mẹ́ta jẹ. Ó wọ léèsì funfun, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ onírun nínú ilé.

"Mummy, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yín," Kaosarah ní. "Inú ilé gbóná."

"Kò tíì tó àkókò."

Kaosarah wo Gàníyù. Gàníyù rọra mi orí, bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé o rí ohun tí mò ń wí?

Alhaja ní òun ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ wo àwòrán òun. Hafeez bá a fi wọ́n sórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ọ̀sà tiwọn ò tó tiwa," Alhaja bẹ̀rẹ̀. "Lake Ontario á gbé e mì, kò ní mọ̀ pé òun jẹ nǹkan. Ṣùgbọ́n tiwọn ní òkè lẹ́yìn, yìnyín wà lórí òkè, oòrùn sì ń ràn nísàlẹ̀. Omi kan wà láàárín rẹ̀ tó ń tú sókè, ó ga ju ilé yìí lọ."

Òun náà ló dúró níwájú omi ọ̀hún nínú àwòrán, látorí dé ẹsẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìborùn rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kaosarah kò rí ẹ̀rín yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dá bàbá wọn dùbúlẹ̀. Ó dùn ún pé ìlú àjèjì ló ti ráyè rẹ́rìn-ín.

"Ta ló yà yín?" Hafeez bi í.

"Ẹni tó dúró níwájú mi ni."

Àwọn ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn ló tẹ̀ lé e. "Méjì-méjì ni wọ́n ń wẹ̀," Alhaja ní. "Mi ò rí ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀." Lẹ́yìn wọn ni ìkòkò wàràkàṣì yíyọ́, tí wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ̀.

"Ìkòkò yìí tóbi o," Hafeez ní. "Ẹ jẹ ẹ́ tán?"

"Ó tán."

Ara Gàníyù kò gbà á mọ́. "Mummy, ó tó. Tí nǹkan bá ṣe yín níbẹ̀ ńkọ́? You just disappeared!"

"Nǹkan ṣe mí. Mo jẹun, mo sinmi, mo rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ní kí n tún lọ lọ́la, màá lọ."

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ti máa gbé. Basement yẹn ní ilẹ̀kùn tiẹ̀."

"Gàníyù, èmi ni mo bí ẹ. Mo ti sin bàbá ẹ, mo ti ṣe opó rẹ̀ tán. Mi ò ní máa gbé abẹ́ ilẹ̀ nígbà tí mi ò tíì kú."

Alfa Salahudeen wú ikọ́, ó ń wo àwo dàbínù tó wà níwájú rẹ̀.

"Daddy ò sí mọ́," Gàníyù ní. "Èmi ni mo dúró nípò wọn. Ọ̀rọ̀ yín ti wà lọ́wọ́ mi."

"Ipò bàbá ẹ, àbí ipò bàbá tèmi?"

"Ipò àwọn méjèèjì."

"Tún un sọ kí Alfa gbọ́."

Gàníyù tún un sọ, ó tilẹ̀ na ìka. Alfa ní òun gbọ́. Ojú ti Kaosarah nítorí ìyá rẹ̀.

"Brother mi, kò yẹ kí ẹ máa bá Mummy sọ̀rọ̀ báyìí."

"Fi sílẹ̀," Alhaja ní. "Òótọ́ ló sọ."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò, ó gbé e síwájú Gàníyù. Ó ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́. Omi lé sójú Kaosarah. Gàníyù mú kọ́kọ́rọ́, ó mí kanlẹ̀.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Alhaja fúnra rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn fún bàbá àgbàlagbà kan tó wọ agbádá funfun, tó sì gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn.

Alhaja bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, làálì pupa bo ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó sì ní, "Gàníyù, ẹni tó yà mí ní Geneva ló dé yìí, Alfa ti gbọ́ pé ìwọ lo dúró nípò bàbá mi, dìde wá fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, kí wọ́n so yìgì wa."