Ọ̀yà Nìkan Ló Jẹ́wọ́

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ibodè odò, níbi tí Ọ̀nì ti ń ṣe oníbodè.

Àwọn ẹranko oníṣòwò a máa kó ọjà gba ibẹ̀ lọ sí ìlú òdìkejì. Nígbà tí ọjà gbówó lérí jù, Kìnnìún ọba rán Ẹtu kí ó bi wọ́n bóyá Ọ̀nì ń gba rìbá.

Ìmàdò ní, "Èmi ò fún un rí o! Àwọn yòókù ni kí o lọ bi." Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìnàkí wí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn wí.

Ọ̀yà nìkan ló mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìdajì àgbàdo mi ni mo ń fún un. Gbogbo wa là ń fún un."

Ẹtu jíṣẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ọba ní, "Ọ̀yà nìkan ló ń fún un, òun ló ń ba ibodè jẹ́! Kò gbọdọ̀ sọdá mọ́."

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé rìbá Ọ̀nì dání kọjá lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kí i. Ọ̀yà jókòó létí odò, ó ń kọrin:

Ẹ̀yin tí a jọ ń nájà,
*Ẹ dá mi lóhùn.*
Òótọ́ ni mo sọ,
*Ẹ dá mi lóhùn.*

Òun ló ń lé e, òun náà ló ń gbè é.

Ibi tí mo fi í sí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ bá a gbè é.