Dókítà Ológun Tó Fi Àìsàn Ọwọ́ Rẹ̀ Pamọ́

Ẹ má ka ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́ o. Ẹ fara balẹ̀ kà á délẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú gbogbo ayé tí ẹ kì í ráyè tọ́jú ara yín.

1.
Obìnrin kan wà tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ ní iléèwòsàn àwọn ológun. Méjọ̀ ni ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n "Ọwọ́ Ẹ̀rọ" ni àwọn sójà ń pè é, nítorí pé tó bá rán ojú ọgbẹ́, bí ẹni pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló gba ibẹ̀ kọjá ni. Sójà tó fara gbọta, tó bá ti gbọ́ pé òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Òun náà sì mọ ara rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà rẹ̀ á máa dún kò-kò-kò, ẹni tó ń tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ á jí fúnra rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí i nínú ni sójà tó bá ń fi ìrora pamọ́. Á bá onítọ̀hún wí débi pé ojú á tì í.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń de bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìka ẹlòmíì ló fi ń dè é. Àtàńpàkò ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀lé e ti kú tipiri. Ó gbọn ọwọ́ náà, ó jí. Ó ní bóyá òun fi ara lé e sùn ni. Ṣùgbọ́n ó tún dé, ó sì ń pẹ́ kó tó lọ. Nígbà tí ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìdáná, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní kó lọ fi ọwọ́ náà han dókítà. Ó dáhùn pé ṣé òun fúnra òun kì í ṣe dókítà ni?

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. "Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ sójà ló wá bá ọ báyìí, kí lo máa sọ fún un?"

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ṣa àfọ́kù ife.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa: iṣan ìmọ̀lára kan ló há ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ló fẹ́ fẹ̀yìn tì, ojú gbogbo ènìyàn sì ń wo Méjọ̀ wa yìí. Tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní kó kúrò nídìí iṣẹ́ abẹ títí ara rẹ̀ á fi yá. Ó rò ó pé wọn ò ní gbé àga ọ̀gá fún aláìsàn.

3.
Ní àárín ìgbà náà, dókítà ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá àwọn dókítà iléèwòsàn náà sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń múra sílẹ̀ de ìgbà tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó mẹ́nu ba adójútòfò fún ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Méjọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Adójútòfò tèmi rèé."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ilé ńlá tó ń kọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ yẹn ló fọkàn tẹ̀. Iléèwòsàn aládàáni tó ní òun máa lọ tóun bá kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ọwọ́ yẹn náà ni. Kò ní ètò mìíràn.

4.
Kápúténì kan wà tó jẹ́ igbákejì rẹ̀. Ó ti rí i bí abẹ́rẹ́ ṣe yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó tẹ̀lé e wọ ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe iṣẹ́ tòní, kí ẹ lọ rí dókítà."

"Jáde."

Méjọ̀ gbé oògùn apàrora mì, ó lọ fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́. Awakọ̀ sójà kan ló wà lórí tábìlì, ọkọ̀ ti dojú dé lé e lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ṣeé gbà là. Ṣùgbọ́n ìka tí kò mọ nǹkan lára kò lè mọ bóun ṣe di irin iṣẹ́ abẹ mú tó. Irin náà yọ̀, ó fa iṣan ẹ̀jẹ̀ ya. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Ó ní kí ọwọ́ òun dì í, ọwọ́ kọ̀. Kápúténì sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gba iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wá dúró tì í bí ẹni tó wá wòran.

Awakọ̀ náà yè. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

5.
Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà bi í bóyá ó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò dá kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní òun mọ̀.

Dókítà onímọ̀ iṣan ìmọ̀lára tó yẹ ọwọ́ náà wò sọ fún un pé ká ní ó tètè wá ni, iṣẹ́ abẹ kékeré àti ìsinmi díẹ̀ ì bá ti tó. Ní báyìí, ẹran ìdí àtàńpàkò ti gbẹ. Kò ní mú abẹ mọ́ láyé. Ẹlòmíì jókòó sórí àga ọ̀gá. Iléèwòsàn aládàáni kò pè é mọ́. Wọ́n ta ilé náà láìtíì kan òrùlé rẹ̀.

Ó lọ bá awakọ̀ náà ní wọ́ọ̀dù láti tọrọ àforíjì. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe yín, mà?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò sì sọ."

Ọmọkùnrin náà yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin dókítà wa, nínú aṣọ ológun tàbí lóde rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe èyí. Ohun tó bá ń ṣe yín, ẹ tètè sọ ọ́ síta. Ẹ ṣètò fún ìgbà tí agbára ò ní sí mọ́ nígbà tí agbára ṣì wà. Tí ipò bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le ṣì lè gba òmíràn. Ẹ̀yin tó kù, bí ẹ bá tún fojú kan dókítà yín, kí ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ń wo ẹ̀yin náà?