Sàréè Tí Crépin Kọ́ fún Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Crépin ti Kútọnu dé sí abúlé wọn lẹ́bàá Odomèta, ó ní òun fẹ́ kọ́ sàréè fún Fidèle, ọ̀rẹ́ òun nílé ìwé, tí ibà pa nígbà tí wọn kò tíì hu irùngbọ̀n. Ìdìbò tí òun náà ti ń dupò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó mú ayàwòrán dání, ó sì kó ìrẹsì wá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ké sí ìyá olóògbé pé, "Ìyá Fidèle!" Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, kò sẹ́ni tó fi orúkọ yẹn pe obìnrin náà mọ́. Ìyá Clémence ni gbogbo abúlé ń pè é, nítorí Clémence ló kù. Ọ̀rẹ́ tí kò gbàgbé ọ̀rẹ́ kò mọ ìyẹn.

Níbẹ̀, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn ojúgbà òkú ni í gbẹ́ ilẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ìyá láéláé. Ìyá Clémence gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kò wù ú kó mọ̀. Bó bá ń lọ sóko, á máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Crépin wá ní ayé ti lajú, pé òun yóò fi ibẹ̀ hàn án, obìnrin náà jókòó sórí àpótí.

Crépin ní ọwọ́ òun méjèèjì yìí lòun fi gbẹ́ ilẹ̀ náà. Irọ́ ni. Gàrí Fidèle ló ń bá a jẹ nílé ìwé, ibẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ wọn mọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ní ibà ń ṣe òun náà, ó ká gúlútú sórí ẹní ìyá rẹ̀. Sìdíkù ló gbẹ́ ilẹ̀, Sìdíkù ojúgbà wọn tó ń fi alùpùpù gbérò báyìí ní Kétu.

Crépin rìn yí ẹ̀yìn ilé ká. Ó rí ibì kan tó jin díẹ̀, tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ó dúró, ó nu ojú tó gbẹ.

"Ibí ni, Ìyá Fidèle."

Ìyá Clémence wo ibẹ̀ títí. "Ó dá ọ lójú, ọmọ mi?"

"Ṣé mo lè gbàgbé ni?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní kò burú, kó kọ́ ọ, àmọ́ kó jẹ́ kó nípọn.

Sìdíkù, tó ti gbọ́ wá láti Kétu, fa Crépin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ní ibẹ̀ kọ́. Crépin rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò sọ fún un? Ìwọ?"

Sìdíkù padà sídìí alùpùpù rẹ̀. Bó bá ní ibẹ̀ kọ́, ìyá á bi í pé ibo wá ni. Èèwọ̀ tí Sìdíkù ń pa mọ́ ni Crépin sá sí abẹ́ rẹ̀, ojú kò sì tì í.

Àwọn mọlémọlé ráhùn pé ilẹ̀ náà ń mu yẹ̀pẹ̀ ṣáá. Crépin ní bí sàréè ṣe ń rí nìyẹn. Ìyá Clémence ń pọnmi fún wọn, ó sì ní kí wọ́n fi irin kún un. Ayàwòrán ń wò, ni Crépin bá ránṣẹ́ ra irin.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sàréè náà han ará abúlé, Crépin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì náà, ó fẹnu kò ó. Ó tún un ṣe, nítorí àwòrán àkọ́kọ́ kò mú ojú rẹ̀ dáadáa. Ó búra pé ọdọọdún lòun yóò máa wá ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ìrẹsì.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Sìdíkù tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Clémence.

"Dìde, kó o jẹun," ni obìnrin náà wí, "n kò ní bi ọ́ níbi tí ọmọ mi wà, ṣùgbọ́n ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé yìí tí èmi àti baba rẹ̀ dí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ti ń rì tipẹ́, ewúrẹ́ mi ti já sínú rẹ̀ rí, mo sì ti ń wá ẹni tí yóò bá mi fi sìmẹ́ńtì bò ó."