Ìkíni Tí Kò Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀sì Wọlé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kò gùn.

1.
Ọkùnrin kan ló ń bójú tó sáfà ní ilé ìwòsàn kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí fáìlì gbogbo aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Sáfà ni wọ́n ń pè é. Ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ wọlé sínú sáfà yóò kọ́kọ́ bá ìkíni rẹ̀ pàdé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá Sáfà ló ń kí yín."

"A ti dáhùn, Ọ̀gá," ni olórí nọ́ọ̀sì, Màmá Wọ́ọ̀dù, máa ń sọ. "Ṣé a lè ráyè wọlé báyìí?"

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gba ìyá Ọ̀gá Sáfà sí wọ́ọ̀dù tí Màmá Wọ́ọ̀dù ń bójú tó, ara ìyá náà ń gbóná. Ọmọ sáré lọ yí ìkíni padà: "Ìyá Ọ̀gá Sáfà wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ ti gbọ́?" Ó ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè wọlé láìkọ "bẹ́ẹ̀ ni", títí kan òun alára.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló mọ òfin rẹ̀: bí o bá tún ẹnu ọ̀nà ṣe, má jáde títí wàá fi rí i pé ó ṣeé gbà wọlé. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ń kán an láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ó jáde láìdán an wò.

"Mọ́mì, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ lónìí pé ìyá mi ni yín."

"O ṣeun, ọkọ mi. Má yọ wọ́n lẹ́nu jù."

3.
Kò pẹ́ tí èémí ìyá fi ń ṣòro. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.

"Ẹ dúró ná," ni Màmá Wọ́ọ̀dù wí. "Oògùn kan wà tí ara wọn kì í gbà. Orúkọ rẹ̀ ni mi ò rántí, ó wà nínú fáìlì wọn."

Ó sáré sí kọ̀ǹpútà. Ìkíni yọ. Ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ìkíni kan náà tún yọ. Ó tún kọ ọ́.

Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ ti gbọ́?

"A ti gbọ́," ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà. "A ti gbọ́ nísinsìnyí, jẹ́ n wọlé."

Ọ̀gá Sáfà gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kọ "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà mẹ́wàá. Kò sí ọ̀nà mìíràn, torí òun fúnra rẹ̀ ló ti gbogbo ọ̀nà yòókù pa, kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ ìkíni rẹ̀ sílẹ̀. Àfi kó lọ pa sáfà, kó tún un tan látìbẹ̀rẹ̀.

"Ogójì ìṣẹ́jú," ó ní.

"Màmá ò ní ogójì ìṣẹ́jú," ni dókítà wí. "Oògùn méjì ló wà níbí. Ìwọ ọmọ wọn, èwo ni ara wọn ò gbà?"

Kò mọ̀.

4.
Dókítà yan ọ̀kan, ó sì fi gún ìyá. Nígbà tí sáfà fi máa ṣí, orúkọ oògùn tí dókítà yàn gan-an ló wà lókè fáìlì pé ara ìyá kì í gbà á, wọ́n fi pupa kọ ọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá lójú.

Màmá Wọ́ọ̀dù jókòó ti Ọ̀gá Sáfà. Kò jágbe mọ́ ọn.

"Àbúrò, ṣé o rò pé a ò ní tọ́jú wọn tẹ́lẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹlòmíràn ń gbà ṣiṣẹ́ wà níkàáwọ́ yín, ẹ má fi orúkọ yín dí i. Bí ẹ bá máa kí wọn, ẹ kí wọn ní ṣókí, kí ẹ yà fún wọn. Ẹ sì dán ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó jáde, torí ẹni tó ń sáré bọ̀ wá ṣí i, ó lè jẹ́ ìyá tiyín ló ń sáré nítorí rẹ̀.