Ojú Ewé Tó Funfun

Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ ni obìnrin aránṣọ kan ti dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ilé tó ń gbé ló fẹ́ tà. Oníbúrẹ́dì kan ló fẹ́ rà á, àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò. Ohun tó kù ni kí ọ́fíìsì yẹ ìwé wò, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀.

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn káńtà ti ṣe olùkọ́ rí, Tíṣà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ó ṣí ìwé ńlá náà sí ojú ewé ilé obìnrin náà, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á fún un bí ẹni ń kàwé fún ọmọ iléèwé. Ìlà kìíní ni orúkọ ọkọ rẹ̀, tó kọ́ ilé náà dé ìdajì. Ìlà kejì ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́: ọkùnrin náà jáde lọ ra ìṣó òrùlé, kò padà wálé, nígbà tó sì pé ọdún méje tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀, adájọ́ ní kí wọ́n kà á sí òkú. Ìlà kẹta gbé ilé fún opó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ewé náà funfun.

“Ta ló wá kan òrùlé?” Tíṣà béèrè.

“Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló kàn án.”

Tíṣà mi orí. Ó ní kò sí ìṣòro kankan, kí àwọn máa dúró de oníbúrẹ́dì. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò kúrò nídìí káńtà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan lè wá gba ilé tí wọ́n ti tà padà lọ́jọ́ iwájú. Tíṣà bi í pé kí ló dé. Obìnrin náà ní òun ń gbọ́ ọkọ òun nínú ilé.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ikọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà.”

Ó ní tí òun bá ń ránṣọ, òun máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ó ń wo òun láti ẹ̀yìn. Ó ní abẹ́rẹ́ ti gún òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun kì í ṣe ọmọṣẹ́.

“Láàárọ̀ yìí, ó ní kí n má pẹ́.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní mi ò ní pẹ́.”

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé odindi ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú ìyá òun ni òun fi ń gbọ́ ọ tó ń ha ọ̀fun nínú ilé ìdáná, òun á sì ti dáhùn “Mà” kí òun tó rántí. Ó ní àárò ni.

“Kì í ṣe àárò,” ni obìnrin náà wí.

Tíṣà fa àga rẹ̀ sún mọ́ káńtà. “Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí, màmá. Tí èmi àti ẹ̀yin bá jọ fọwọ́ síwèé nínú yàrá, àwa méjèèjì nìwé yẹn dè. Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì ò mọ̀ sí i. Ibo ló ti máa mọ̀? Ibí yìí náà ni.” Ó fi ìka kan ojú ewé. “Ohun tí kò bá sí níbí, kò lè mú ẹni tó fi òótọ́ inú rà á lọ́wọ́ yín.”

“Ìwé ilé ẹjọ́ náà ńkọ́?”

“Bákan náà ni ti ilé ẹjọ́. Kí adájọ́ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ẹnì kan ò bá gbé e dé káńtà yìí, oníbúrẹ́dì ò gbọ́.”

“Tó bá wá dé lẹ́yìn tí ẹ ti kọ orúkọ oníbúrẹ́dì?”

“Ó ti pẹ́ jù. Kò ní lè gbalé lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ká ní obìnrin náà wà ní kíláàsì òun ni, iwájú ni ì bá máa jókòó. “Ẹ fọkàn balẹ̀. Òkú kan ò tíì wá tò síwájú mi rí.”

Oníbúrẹ́dì wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú ìpéǹpéjú. Tíṣà fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ilé tó fẹ́ rà ní baálé o, pé ó ṣì ń wúkọ́. Ọkùnrin náà ní kò burú, òun á máa gbé búrẹ́dì gbígbóná sílẹ̀ fún un láràárọ̀, kó ṣáà má béèrè bọ́tà. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọ̀ ọ́ kó má kó dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó ní òun ti ń kó ẹrù òun díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló kù.

Tíṣà bi í ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ talé.

“Ṣé ìwé mìíràn wà tí ẹ fẹ́ ká kọ sílẹ̀ kí n tó kọ tiwọn?”

Fáànù ń yí lókè. Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, níbi tó funfun.

“Kò sí èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀.”

Tíṣà kọ ìlà kẹrin, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ.

Nígbà tí obìnrin náà délé lọ́sàn-án, ọkọ rẹ̀ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wúkọ́, ó sì bi í bóyá ọ́fíìsì ti gba ìwé tí ilé ẹjọ́ fi fagi lé ikú òun, èyí tó fi rán an láàárọ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ìyàwó rẹ̀ sì ní wọ́n ti parí gbogbo ẹ̀, kó jókòó, kó jẹun.