Ọkọ̀ Ojú Omi Kò Dúró De Aago Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu. Gbogbo wa la ní irú ẹ̀ nílé.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré bí kọ́bọ́ọ̀dù, àmọ́ kò sí aago tó wọ ibẹ̀ láìsàn tí kì í jáde láàyè. Ìṣẹ́jú-Kan-Ò-Yẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, aráàdúgbò á yí aago tiwọn sí tiẹ̀. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn ju oyin lọ.

Ìyàwó rẹ̀, Tíṣà, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní a-bí-dí. Ohùn obìnrin náà! Tó bá ní "Ẹ jókòó," ọmọ méjìlélógójì á jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni àbùkù ara rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ pa oògùn rẹ̀ jẹ, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ fún un: "Tíṣà, aago mẹ́rin ti lù o. Gbé e mì." Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò gbàgbé rí. Tí ìyẹn ò bá jẹ́ ìfẹ́, kí la fẹ́ pè é?

2.
Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọgbọ̀n ọdún, àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn: ọjọ́ mẹ́wàá nínú ọkọ̀ ojú omi gìrìwò tí wọ́n fi ń gbafẹ́.

Háà, ọkọ̀ yìí! Àjà mẹ́rìnlá, bí ẹni to ilé lérí ilé tó wá tì í sójú òkun. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí òrùlé rẹ̀, omi lórí omi! Lóòótọ́, òòyì òkun kọ́ Bàbá, ìlà oúnjẹ sì gùn ju ìrù ejò lọ. Àmọ́ wọ́n ká tówẹ́ẹ̀lì bí ehoro sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, Tíṣà ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u. Wọ́n tún jó.

"Bàbá wọn, ẹsẹ̀ yín ṣì dùn báyìí?"

"O rò pé ọwọ́ aago nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

3.
Lọ́jọ́ kẹrin, ohùn kan jáde látinú ẹ̀rọ òkè àjà: "Ilẹ̀ tí a máa gúnlẹ̀ sí lọ́la fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Kí gbogbo èrò ti aago wọn síwájú. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni ọkọ̀ máa ṣí."

Tíṣà ní, "Bàbá wọn, ẹ ti tiyín."

"Èmi? Kí ọmọ àná kan jókòó síbì kan, kó máa fẹnu yí aago mi? Aago mi kì í purọ́."

"Wọn ò ní ó purọ́. Ohun tí gbogbo èrò ń lò ni wọ́n ní ká lò."

"Tíṣà, kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a-bí-dí. Fi aago sílẹ̀ fún aláago."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ irú aṣọ kíká yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ ki oògùn rẹ̀ sínú báàgì. Ọkọ rẹ̀ ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? A ó ti padà kí aago mẹ́rin tó lù. Ṣé mo já ọ kulẹ̀ rí ni?" Tíṣà dá ìgò oògùn náà padà síwájú dígí yàrá wọn.

4.
Wọ́n rìn kiri ìlú kékeré náà, wọ́n wá yà sílé oúnjẹ kan létí òkun. Aago ògiri ibẹ̀ sọ pé aago méjì. Ti Bàbá sọ pé aago kan. Ẹ fojú inú wò ó: ó gun àga, ó gbé aago olóúnjẹ sọ̀ kalẹ̀, ó fa irin tín-ín-rín tí kì í kúrò lápò rẹ̀ yọ, ó sì dá a padà sẹ́yìn!

Olóúnjẹ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Bàbá, aago mi ò ṣàìsàn o!"

"Ó ń sáré ní wákàtí kan. Mo ti wò ó sàn. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Kò pẹ́, obìnrin oní-fìlà-pupa tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn nínú ọkọ̀ ń kọjá lọ kíákíá. "Ẹ̀yin ò tíì máa bọ̀?"

"Ẹ máa sáré!" ni Bàbá fi dá a lóhùn. "Ẹni tó mọ àkókò kì í sáré."

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Jẹun ẹ, jàre."

5.
Aago ọwọ́ rẹ̀ sọ pé aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n dé èbúté. Ọkọ̀ ti ṣí. Wọ́n tiẹ̀ ń wo fèrèsé yàrá tiwọn bó ṣe ń jìnnà lọ. Ọlọ́dẹ èbúté kó ìwé ìrìnnà wọn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kó láti yàrá wọn fi sílẹ̀, lé wọn lọ́wọ́. Oògùn kò sí níbẹ̀. Ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ń bẹ nínú ìgò kékeré iwájú dígí?

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó yá, ẹnu Bàbá là fúnra rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀: "Tíṣà, aago mẹ́rin ti..."

Ó fọwọ́ bo aago ọwọ́ rẹ̀.

Sátidé ni. Kò sí ilé ìwòsàn nílùú kékeré náà, ilé oògùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ti tì di ọjọ́ Ajé. Bàbá kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó ṣí i, Tíṣà dìde nínú yàrá tí wọ́n wọ̀ sí, ó di tábìlì mú.

"Bàbá wọn, ẹnu mi..."

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, títí dòní olónìí. Rọpárọsẹ̀ ti mú un.

6.
Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ọmọ wọn nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, "Bàbá, oògùn dà?"

Bàbá ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò sí aago kankan nílé wọn mọ́. Lójoojúmọ́, tí òrùn bá ti yẹ̀, ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà, tó ń dá àwọn tó ń kọjá dúró: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aago mẹ́rin ti lù?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín: Ìṣẹ́jú-Kan-Ò-Yẹ̀ ló ń bèèrè aago! Á wọlé, á fi oògùn sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Tíṣà á wá na ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, á fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí aago máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, mo kí yín. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣọ́ra jù. Tí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní "Ẹ jẹ́ ká lọ," ẹ dìde. Ẹ má sì fi oògùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí pé ẹ dá ara yín lójú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.