Ẹni Tí Wọ́n Ń Dúró Dè ní Òṣíẹ̀lẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé, kí Bàbá Ọláògún tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, wọ́n á ti gbé àga onígi kan sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí rẹ̀ kó tó dé. Tó bá yọ lókèèrè pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ eérú àti fìlà rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù á dáwọ́ eré dúró, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lórí koríko.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá! Ẹ kú ọ̀nà o!"

"Ẹ kú eré o, ẹ̀yin ọmọ."

Jùbrílù, kóòṣì wọn, ni yóò bu omi tútù wá fún un. Òun ló sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983 pé ẹgbẹ́ ńlá kan l'Abẹ́òkúta ń wá agbábọ́ọ̀lù tuntun káàkiri àwọn ìlú kéékèèké. "Ẹni tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù kì í sọ pé ohun tóun wá ṣe nìyẹn," ló wí. "Tó bá sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ ò ní jẹ́ kó ríran. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù yín."

Kò sẹ́ni tó bi í. Ta ni yóò tiẹ̀ kojú àgbàlagbà, kó ní kí ló gbé e wá?

Bàbá Ọláògún kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá gbá a dáadáa ló ń pàtẹ́wọ́ fún, ì báà jẹ́ ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀, ì báà jẹ́ àlejò. Bí eré bá parí, ó lè pe ẹnì kan sápá kan, kó ní, "Ẹsẹ̀ òsì náà, Ọlọ́run ló dá a. Máa lò ó." Lẹ́yìn náà, á wọkọ̀ padà. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀, l'Abẹ́òkúta. Àwo kan ló ń fọ̀ láàárọ̀, àwo kan náà ló ń fọ̀ lálẹ́.

Olóyè kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ wọn gbé àkùkọ àti iṣu wá bá a lábẹ́ igi náà.

"Bàbá, ẹ fi èyí panu."

"Ẹ gbé e padà, olóyè. N kò lè gbà á."

"Ṣé ó kéré ni?"

"Kò kéré. Kì í ṣe tèmi ni."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ẹni tí kò ṣeé rà nìyí, ọmọ olóyè àti ọmọ tálákà yóò dọ́gba lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tí kò ní baba ìsàlẹ̀ ní ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jí sáré láàárọ̀ kùtùkùtù.

Mùsílíù ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn. Ó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, igun ọ̀tún ló sì ti ń gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn án lẹ́sẹ̀, á kọ́kọ́ wo abẹ́ igi máńgòrò kó tó fi eré sí i. Ìyá rẹ̀, Sìlífátù aláró, kò bí ọmọ mìíràn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá, Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, ẹgbẹ́ kan ní Ìlọrin ránṣẹ́ sí Mùsílíù. Wọ́n ní kó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á mú ẹlòmíràn."

"Kí ló wí?"

"Ó lóun ò lọ. Ó ní ẹ̀yin lòun ń dúró dè."

Bàbá Ọláògún gbé ife omi sílẹ̀. Wọ́n jẹ góòlù méjì lẹ́yìn ìyẹn, kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí eré parí, ó pe Mùsílíù.

"Lọ sí Ìlọrin."

Mùsílíù rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń dán mi wò ni, bàbá."

"N kò dán ẹ wò. Má dúró dè mí mọ́."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi ni ò dáa tó?"

"Ẹsẹ̀ rẹ dáa."

"Kí wá ni?"

Bàbá Ọláògún dìde lórí àga. Ó wo àwọn èrò tó ti yí wọn ká, ó wo Jùbrílù.

"Kò sí àyè kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè fún ọ," ló wí nígbẹ̀yìn.

Sìlífátù ya àárín èrò wọlé, aró dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọmọ mi ti ń sáré níwájú yín bí ẹṣin! Ẹ ò gba àkùkọ, ẹ ò gba iṣu, a pè yín ní olóòótọ́. Àṣé ẹ ti gba ti ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀!"

"Ẹ má bínú, ìyá."

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní n má bínú! Mùsílíù, ó yá, lọ di ẹrù rẹ. Tó o bá dé Ìlọrin, gbá a kí wọ́n gbúròó rẹ l'Abẹ́òkúta!"

"Ẹ dáwó, ká ra awò ojú fún bàbá!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

Jùbrílù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga, ó gbé e kọ́ èjìká, ó lọ sílé láì wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó sin Bàbá Ọláògún dé títì.

Mùsílíù lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá Ọláògún wọ kóòtù rẹ̀, ó dé fìlà, ó jókòó sójú fèrèsé ní Ìjẹmọ̀ títí wọ́n fi pèrun àṣálẹ́, ó wá ṣí fìlà, ó bọ́ kóòtù.

Kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan tó rán an níṣẹ́ rí: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, táyà ọkọ̀ Ìbàdàn tó wọ̀ ló bẹ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, Jùbrílù sì sáré wá kí i káàbọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí inú rẹ̀ dùn láti rí i láti ìgbà tí àwọn tó wá bá a sin ìyàwó rẹ̀ ti tú ká.